Mo Gbé Sàmáǹsì Kiri Ilẹ̀ Ẹ̀gbá: Ọkùnrin Tó Fẹ́ Sá àti Bàbá Tó Dúró fún Un

Ráfíátù, ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Alábàtà, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé kan, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, kò sì tíì dìde tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó ní òun àti àwọn ọmọbìnrin tí àwọn jọ ń gbé yàrá kan ń jiyàn. Bí orílẹ̀-èdè mìíràn bá ń wá ẹnì kan tó ti sá wálé, tí wọ́n ní kí ìjọba wa mú un kí wọ́n sì dá a padà fún àwọn, tí ẹni náà sì mọ̀ dájú pé òun kò ṣe ohun tí wọ́n sọ, ṣé ó yẹ kó bọ̀wọ̀ fún òfin, àbí kó tún sá lọ síwájú? Gbogbo wọn ní kó sá. Ráfíátù nìkan ló dákẹ́, ló bá wá bi bàbá rẹ̀ àgbà.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ yìí rò pé ọ̀rọ̀ tuntun lòun mú wá. Kò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé lọ sí abúlé kan lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀, nínú àpòòwé, nígbà tó ku oṣù mẹ́rin kí n fẹ̀yìn tì. N kò lè fi gbólóhùn kan dá a lóhùn. Mo ní kó jókòó dáadáa kí n sọ iṣẹ́ ayé mi fún un látìbẹ̀rẹ̀, kó sì bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe.

Làmídì ni orúkọ mi. Bélífù ni mí. Bélífù lẹni tó ń gbé ìwé ìpè kóòtù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sàmáǹsì, lọ bá àwọn tí adájọ́ fẹ́ rí. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe é, Bàbá Sàmáǹsì sì ni wọ́n ń pè mí láti Ìtòkú títí dé Adátán. Bí kẹ̀kẹ́ mi bá yọ lókè, ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí á rọra wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì máa ń dùn mí díẹ̀ pẹ̀lú.

Inú ilé oníṣòwò Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ta ìṣó àti àgádágodo, ó sì fẹ́ kí n gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òun. Mo lọ gbaṣẹ́ kóòtù, ó bínú sí mi, nígbà tó yá inú rẹ̀ rọ̀. Owó oṣù kò pọ̀, ebi kò sì pa wá. Ẹ jẹ́ ká gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Ṣótúndé, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ó ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó kan àtàrí. Oṣù méjì gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sàmáǹsì kankan. Ìkíni ló ní kí n kọ́kọ́ kọ́. Orí mi gbóná.

“Ṣé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ni, sà?” mo bi í.

“O mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tínú ẹ̀ dùn láti rí ẹ,” ó ní. “Inú ta ló máa dùn láti rí bélífù?”

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tẹ̀ lé e kiri lórí òkúta àti nísàlẹ̀ òkúta, tí mò ń wo bó ṣe ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe ń bọ́ fìlà, bó ṣe ń béèrè ara àwọn ọmọdé kó tó fa ìwé yọ. Tó bá bá wọn nídìí oúnjẹ tàbí nídìí iṣẹ́, á dúró dìgbà tí wọ́n bá fọwọ́. Tó bá bá wọn níbi ọ̀fọ̀, á kí wọn, á sì gbé ìwé rẹ̀ padà. Kò fi ọwọ́ òsì na ìwé sí ẹnikẹ́ni rí. Ó máa ń sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún ẹni tó gbà á, ọ̀rọ̀ ọ̀ràn tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀wé kà. Òfin rẹ̀ tó le jù ni pé a kò gbọdọ̀ purọ́ láti fi rí ẹnikẹ́ni.

Mo rú òfin yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ fún obìnrin kan ní Òkè-Ìlèwó pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rán mi sí i, ó sáré jáde, mo sì fi sàmáǹsì lé e lọ́wọ́. Inú mi ń dùn pé mo gbọ́n. Nígbà tí ọ̀gá mi gbọ́, ó dá mi padà síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà, kí n jẹ́wọ́ irọ́ mi, kí n gba ìwé náà padà, kí n sì tún fi lé e lọ́wọ́ lọ́nà tó tọ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìbàdí mú.

“Bélífù kì í ṣe ọlọ́pàá,” ni Ọ̀gá Ṣótúndé sọ fún mi nígbà tí a ń padà bọ̀. “Ọlọ́pàá ń mú èèyàn. Àwa ń pe èèyàn. Ohun tí ìwé yẹn ń sọ ni pé adájọ́ fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ. Tó o bá fi irọ́ pe èèyàn, o ò tíì pè é.”

Bí a bá ti fi ìwé lélẹ̀ tán, a ó kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́yìn ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa: “Mo ti fi lé e lọ́wọ́,” tàbí “N kò bá a.” A ó fọwọ́ sí i. Ìbúra ni ìfọwọ́sí yẹn, ohun tí a bá sì kọ síbẹ̀ ni adájọ́ máa gbà gbọ́.

Ọdún kẹta tí mo dé ẹnu iṣẹ́ ni mo ṣe àṣìṣe tó bà mí nínú jẹ́ jù láyé mi. Opó kan wà tí a ń pè ní Ìyá Jọkẹ́, tó ń gbé nínú agboolé kan ní àdúgbò àtijọ́. Ẹbí ọkọ rẹ̀ kan pè é lẹ́jọ́ pé kó jáde nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́. Wọ́n ní kí n lọ fún un ní sàmáǹsì. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà ni baálé agboolé, arúgbó tó ti ju bàbá bàbá mi lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó na ọwọ́.

“Mú un wá, ọmọ mi. Màá fún un.”

Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, ta ni nínú yín tó máa wo ojú irú àgbà bẹ́ẹ̀, nínú ilé rẹ̀, kó ní òun kò ní fún un? Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún un. Mo dé kóòtù, mo kọ ọ́ pé: “Mo ti fi lé e lọ́wọ́.”

Baálé kò ní in lọ́kàn láti ṣe ibi. Ó fẹ́ pe ẹbí jọ, kó parí ọ̀rọ̀ náà nílé kí ó má dé kóòtù. Ó fi ìwé sábẹ́ ẹní rẹ̀, àìsàn dé, ó gbàgbé. Ọjọ́ ẹjọ́ pé, Ìyá Jọkẹ́ kò sí níbẹ̀, adájọ́ wo ẹ̀yìn ìwé, ó rí ìfọwọ́sí mi, ó sì dá ẹjọ́ náà láìgbọ́ tẹnu obìnrin náà. Ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta, òjò ń rọ̀. Mo rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo rí àwòrán ọkọ rẹ̀ tí omi ti wọ inú gíláàsì rẹ̀. Ó rí mi láàárín àwọn tí kóòtù rán wá. Kò bú mi.

“Ẹ ò pè mí,” ó ní. “Ẹ̀ bá pè mí, ǹ bá wá.”

Nígbà tí a fi rí ẹni tó máa tún ẹjọ́ náà gbé dìde, ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ewékorò, ibẹ̀ ló sì kú sí. Títí di òní, bí òjò bá ń rọ̀ lọ́sàn-án, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Mo rò pé Ọ̀gá Ṣótúndé máa ní kí wọ́n lé mi. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan ló mú wá fún mi. Ó ní ìwé kóòtù ni ti kóòtù, èyí ni tèmi. Gbogbo ibi tí mo bá dé, kí n kọ ẹni tí mo bá níbẹ̀, ohun tó ń ṣe, ẹni tó fún mi níjòókòó, ẹni tó fún mi lómi, àti ẹni tó gba ìwé gan-an. Ó dúró tì mí títí mo fi kọ ìlà àkọ́kọ́: “Ìyá Jọkẹ́. N kò fi lé e lọ́wọ́.” Láti ìgbà náà n kò fi ọjọ́ kan sinmi. Bí ìwé kan bá kún, màá ra òmíràn.

Kẹ̀kẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó di alùpùpù, ó di ọkọ̀ kóòtù tó ń bàjẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń dún kà-kà-kà nínú ọ́fíìsì lọ, kọ̀ǹpútà dé. Lẹ́yìn náà fóònù dé, wọ́n wá ń fi wásáàpù ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bísí, tí mo kọ́ níṣẹ́ nígbà tó dé bí òṣìṣẹ́ tuntun, fi fóònù rẹ̀ hàn mí nígbà kan. Ó ní, “Sà, ẹ wò ó, àmì búlúù méjì. Ó ti rí i.” Mo bi í pé, “Ta ló fún ẹ lómi?” Ó rò pé mò ń ṣe àwàdà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ Ráfíátù.

Ní abúlé kan tí ẹ̀ ń gba Òṣíẹ̀lẹ̀ dé, àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Bàbá Ògúndìran, tó ń bọ Ògún gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Mo mọ ilé rẹ̀ dáadáa, torí ẹjọ́ ààlà oko kan tó ń gbé mi lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ọmọ rẹ̀, Ṣọlá, kọ́ ọkọ̀ wíwà lórí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, ó sì kọjá sí orílẹ̀-èdè kan lápá ìwọ̀-oòrùn wa, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ náà tẹ ẹnì kan pa lọ́hùn-ún, ẹni tó ń wà á sì sá lọ. Ìwé ìwakọ̀ Ṣọlá ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí ìjọba wa pé kí wọ́n mú un kí wọ́n sì dá a padà fún àwọn.

Wọ́n mú un nílé bàbá rẹ̀. Adájọ́ ní kó máa ti ilé wá jẹ́jọ́ bó bá rí onídùúró, ẹni tó máa wọ ẹ̀wọ̀n bí Ṣọlá bá sá. Bàbá rẹ̀ jáde. Akọ̀wé kóòtù gbé Bíbélì sílẹ̀, ó gbé Kùránì sílẹ̀, arúgbó náà ní irin lòun fẹ́. Wọ́n gbé àdá tó wà fún irú ìbúra bẹ́ẹ̀ wá. Ó yọ ahọ́n, ó fi kan irin náà níṣojú gbogbo wa.

“Ahọ́n mi wà lórí irin yìí,” ó ní, “títí ọmọ mi á fi wá dáhùn.”

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, adájọ́ yẹn gba ibòmíràn lọ, wọ́n yan ọjọ́ tuntun, wọ́n sì fún mi ní ìwé kí n lọ fi lé Ṣọlá lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀ wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n n kò fi ṣe nǹkan kan. Mo débẹ̀ ní ìyálẹ̀ta. Bàbá Ògúndìran ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi, ọwọ́ rẹ̀ funfun. Mo kí i kú iṣẹ́, ó ní kí n jókòó, mo sì dúró kó fọwọ́. Ibi tí mo ti ń dúró ni mo ti rí báàgì kan tí wọ́n dì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àti bàtà aláwọ lórí rẹ̀. Mo mọ báàgì ẹni tó fẹ́ sá bí mo ṣe mọ ilé mi.

Ṣọlá jáde síta. Ó dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, mo mọ ohun tẹ́ ẹ mú wá,” ó ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn kọ ọ́ pé ẹ ò bá mi. Tó bá di ọ̀la, mo ti kọrí sọ́nà Kamẹrúùnù.”

“O mọ̀ pé òfin ní kó o dúró,” mo ní.

“Òfin wo, bàbá? Èyí tó fẹ́ gbé mi lọ síbi tí wọn ò ti mọ ilé bàbá mi? Àwọn ẹbí òkú ń dúró dè mí lọ́hùn-ún. Adájọ́ ibẹ̀ ò gbọ́ èdè mi. Mi ò pa ẹnikẹ́ni! Òfin tó fẹ́ jẹ mí ni kí n tún máa bọ̀wọ̀ fún?”

Mo yíjú sí bàbá rẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Mi ò ní dá a dúró,” ni arúgbó náà sọ. “Mi ò sì ní purọ́. Tí wọ́n bá dé, màá ní ó ti lọ, màá wọ ẹ̀wù mi, màá tẹ̀ lé wọn lọ sẹ́wọ̀n. Ahọ́n mi ti wà lọ́wọ́ wọn.”

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí n kò ní nǹkan tí mò ń fi pamọ́ mọ́. Ó ṣe mí bíi kí n kọ ọ́. “N kò bá a.” Ta ló máa mọ̀? Oṣù mẹ́rin péré ló kù fún mi. Ọmọkùnrin náà wù mí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Bírò ti wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó dá mi dúró ni pé àánú bàbá rẹ̀ náà ń ṣe mí, mo sì rántí Ìyá Jọkẹ́: ẹlòmíràn tún máa jìyà nítorí ohun tí mo bá kọ.

Bóyá Ṣọlá rí i pé òógùn bò mí. Ó wọlé, ó bu omi wá fún mi nínú kọ́ọ̀bù táńganran kan tí ẹnu rẹ̀ ti bó. Mo gbà á, mo fẹ́ mu, mo wo kọ́ọ̀bù náà.

“O ti fún mi lómi nínú kọ́ọ̀bù yìí rí,” mo ní.

“Lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá mi ni,” ó ní. “Ẹ mú ìwé ẹjọ́ ààlà wá fún bàbá mi. Ẹ rí wa níbi ọ̀fọ̀, ẹ kí wa, ẹ yí padà.”

“Ọjọ́ wo nìyẹn?”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. “Ọjọ́ tí wọ́n ní mo pa èèyàn gan-an, bàbá. Èyí tó wà nínú ìwé ọwọ́ yín. Ẹnì kejì tí a jọ ń wa ọkọ̀ ni mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún, mo sì gbàgbé ìwé ìwakọ̀ mi sínú rẹ̀. Mo ti sọ fún lọ́yà mi. Ó ní ẹ̀rí dà? Àwọn ẹbí mi ló rí mi. Wọ́n á ní ẹbí ń gbèjà ara wọn. Mi ò sì gba ẹnu bodè wọlé. Ọ̀nà igbó ni ọlọ́kadà gbé mi gbà, torí mo fẹ́ fojú kan ìyá mi kí wọ́n tó sin ín. Kò sí òǹtẹ̀ nínú ìwé mi. Tí mo bá sọ ìyẹn ní kóòtù, mo ti fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn.”

Mo gbé kọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ gbogbo ẹni tí mo bá nílé sí. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

“Ẹ kọ orúkọ mi?”

“Mi ò mọ̀,” mo ní. “Ó yẹ kí n kọ ọ́. Mi ò rántí. Ìwé náà ti pẹ́ nílé, mi ò sì lè ṣèlérí pé ó ṣì wà.”

“Tẹ́ ẹ ò bá rí i ńkọ́?”

“Wàá fẹnu ara ẹ sọ ọ́, bàbá ẹ náà á sọ.”

“Tí wọn ò bá gbà wá gbọ́?”

“Wọ́n á gbé ẹ lọ. Mi ò ní tàn ẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n tó o bá ti kọjá sí Kamẹrúùnù, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí n la ìwé mi níwájú adájọ́. Ẹjọ́ ta ni wọ́n fẹ́ fi gbọ́? Ìwọ ti lọ. Bàbá ẹ nìkan ló máa kù níbẹ̀.”

Ó wo báàgì rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀ tó tún ti mú ọ̀bẹ tó ń bó ẹ̀gẹ́, tí kò sì bó o. Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi. Mo sọ ohun tó wà nínú ìwé fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, mo fi lé e lọ́wọ́, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí n kò sọ fún un ni pé ìyàwó mi, Sìdíkátù, ti fi díẹ̀ nínú àwọn ìwé mi àtijọ́ dáná rí. Mo gun alùpùpù délé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo tú àpótí, mo ka ìwé inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ọdún yẹn kò sí níbẹ̀. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo orí àjà. Mo bi Sìdíkátù, ó ní òun kò mọ ìwé tí mò ń sọ, ó ń bá ìránṣọ rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ìwé mi ló fi tì sábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì ìránṣọ kó má baà máa mì.

Eku ti jẹ etí rẹ̀. Mo ṣí i, mo dé ọjọ́ náà: “Ilé Bàbá Ògúndìran. Mo bá wọn níbi ìsìnkú ìyàwó rẹ̀. Ṣọlá ọmọ olóògbé, awakọ̀, tó ti ìdálẹ̀ dé láàárọ̀ yìí, ló fún mi lómi. N kò fi ìwé lélẹ̀.” Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún.

“Ẹ̀n-ẹ́n, bàbá Mùíbà,” Sìdíkátù ní, “ṣé torí máṣíìnì mi lẹ ṣe ń sunkún?”

Mo lọ sọ fún akọ̀wé àgbà pé mo ti di ẹlẹ́rìí, kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Lọ́yà Ṣọlá ní kí kóòtù pè mí. Báyìí ni èmi, Bàbá Sàmáǹsì, ṣe gba sàmáǹsì! Bísí ni wọ́n rán. Ó bá mi nídìí ẹ̀bà, ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó jókòó sórí àpótí, ó sì ń wò mí títí mo fi jẹun tán tí mo sì fọwọ́. Lẹ́yìn náà ló tó na ìwé sí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀ bíi pé n kò mọ̀wé. Mo bu omi fún un. Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó kọ ọ́. N kò mọ̀ pé ó ní irú rẹ̀.

Ní ọjọ́ ẹjọ́, Ṣọlá dúró, ó sọ gbogbo rẹ̀, tó fi mọ́ ọ̀nà igbó. Wọ́n pè mí, mo ka ìlà náà. Agbẹjọ́rò ìjọba yẹ ìwé náà wò níwá lẹ́yìn, ó wo ọjọ́ tí mo kọ síbẹ̀, ó wo ibi tí eku jẹ. Adájọ́ wá bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n kọ. Mo ní nítorí Ìyá Jọkẹ́ ni, olúwa mi. Ó ní ta ni Ìyá Jọkẹ́? Níwájú gbogbo kóòtù ni mo ti sọ ọ́, baálé, ẹní, òjò, bẹ́ẹ̀dì. Ojú tì mí, àmọ́ mo sọ ọ́ dópin. Láti ọgbọ̀n ọdún ó lé, ìyẹn nìgbà àkọ́kọ́ tí adájọ́ kankan máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti ẹnu mi.

Adájọ́ ní ẹni tí wọ́n ń wá ni ẹni tó wa ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rí tó wà níwájú òun kò sì fi hàn pé Ṣọlá ni. Òun kò ní dá a padà fún wọn. Ní ti ọ̀nà igbó, kó lọ dáhùn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu bodè. Ṣọlá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n bá a wí gidi, ó sì padà wálé.

Àlùhámúdùlílàhì ni mo ń wí lábẹ́ ẹnu nígbà tí adájọ́ dìde. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Bàbá Ògúndìran kò tíì fẹ́ lọ. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù, ó ní kó jọ̀ọ́ gbé àdá yẹn wá. Akọ̀wé ní ẹjọ́ ti parí, bàbá. Arúgbó náà ní òun mọ̀. Wọ́n gbé e wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún fi ahọ́n kan irin náà, ó sì nàró.

“Mo wá gba ahọ́n mi ni,” ó ní.

Nígbà tí mo parí, Ráfíátù kò kọ nǹkan kan mọ́. Ó ní, “Bàbá, tí ẹ ò bá wá rí ìwé yẹn ńkọ́?” Mo mọ̀ pé ó máa bi mí. Mo ní n kò mọ̀. N kò lè sọ fún un pé òfin kì í ṣàṣìṣe, torí èmi fúnra mi ni àṣìṣe rẹ̀ nígbà kan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọn kò pe Ìyá Jọkẹ́, wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀ sínú òjò. Wọ́n pe Ṣọlá, ó jẹ́ wọn. Kí ẹni tí wọ́n ń wá bọ̀wọ̀ fún òfin tó bẹ́ẹ̀, kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀, èyí tó kù kó di ti adájọ́. Mo ní kó lọ sọ ìyẹn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Alábàtà.

Ó ní kí n fi ìwé náà han òun. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ni mo gbé fún un, ó sì ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo gun alùpùpù mi lọ sí abúlé yẹn láìmú ìwé kankan lọ́wọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi. Wọ́n fún mi lómi nínú kọ́ọ̀bù kan náà. Nígbà tí mo délé mo kọ ìlà tó kẹ́yìn iṣẹ́ mi, Ráfíátù sì kà á sókè:

“Ilé Bàbá Ògúndìran. Òun àti ọmọ rẹ̀. Mo bá àwọn méjèèjì nílé.”